Ṣé olówó ló ń fi amọ̀ dárà ní Íńdíà, àbí tálákà ló ń rílé gbé?

Ìbéèrè: "Ọmọ mi ọkùnrin tó ń kọ́ṣẹ́ yíyàwòrán ilé fi fọ́tò ilé ìwé kan hàn mí lórí fóònù, ní aṣálẹ̀ Íńdíà. Ó rí roboto bí ẹyin, òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọ, wọ́n ní kò sí ẹ̀rọ amúlétutù níbẹ̀, síbẹ̀ inú rẹ̀ tutù. Ó ní Íńdíà ni òun fẹ́ lọ kàwé sí, pé àwọn ibẹ̀ ló mọ bí wọ́n ṣe ń fi amọ̀ àti òkúta kọ́lé fún mẹ̀kúnnù. Mo bi í pé ṣé kì í ṣe irú ilé amọ̀ tí bàbá mi kọ́ sí Ìsẹ́yìn, tí àwa ọmọ fọwọ́ ara wa wó torí ojú ń tì wá, ló fẹ́ lọ sanwó kọ́ lókè òkun? Ẹ bá mi dá sí i. Ṣé tálákà ló ń gbé inú àwọn ilé yìí lóòótọ́, àbí àwọn olówó ló ń fi dárà?" Ìyá kan láti Ìsẹ́yìn.

Màmá, ẹ kú ìbéèrè. Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo ka ibi tí ẹ ti ní ojú ń tì yín, torí ojú yẹn kan náà ló ń ti àwọn ará Íńdíà. Ọ̀rọ̀ méjì kan wà lẹ́nu wọn ní èdè Híńdì: kachcha àti pakka. Kachcha ni ohun tí kò tíì jinná, tí kò lè pẹ́. Pakka ni ohun tó jinná, tó gbó, tó ṣeé fọkàn tẹ̀. Èso lè jẹ́ kachcha, ọ̀nà lè jẹ́ kachcha, ilé náà ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ilé amọ̀ ni kachcha, ilé bíríkì sísun àti kọnkéré ni pakka. Ètò PMAY tí ìjọba wọn fi ń ran aláìní lọ́wọ́ láti kọ́lé, ilé pakka ló ń ṣèlérí. Ta wá ni yóò fẹ́ kí àna òun wá bá òun nínú ilé tí kò jinná? Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín rò pé gbogbo Íńdíà ló ń kọ́ irú ilé tó wà nínú fọ́tò. Púpọ̀ nínú wọn ń kọ́ irú èyí tí àwa náà ń kọ́ ni, sìmẹ́ǹtì àti irin, tí oòrùn á sì máa sun ènìyàn nínú rẹ̀.

Àwọn díẹ̀ ló gba ọ̀nà mìíràn, àwọn ni ọmọ yín ń sọ. Olówó wà nínú àwọn tó ń gbé inú ilé wọn, tálákà náà wà níbẹ̀ gan-an. Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ ti mẹ̀kúnnù, ẹ má wo ògiri rárá. Ẹ béèrè ibi tí owó ilé náà lọ. Tí ẹ bá béèrè ìyẹn tán, ẹ wá béèrè ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀ láti máa kọ́ ọ lọ.

Ilé ìwé inú fọ́tò yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin ni, Rajkumari Ratnavati ni wọ́n ń pè é, lẹ́bàá Jaisalmer ní aṣálẹ̀ Thar. Diana Kellogg, obìnrin ará New York, ló yàwòrán rẹ̀. Òkúta yanrìn tó wà nílẹ̀ agbègbè náà ni wọ́n fi kọ́ ọ, àwọn agbẹ́kùúta ibẹ̀ ló sì fọwọ́ gbẹ́ ẹ. Ògiri tó yí òkè rẹ̀ ká ní ihò wẹ́wẹ́ bí ajere. Irú ògiri bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní jali, ó ti wà ní Íńdíà láti ayé àwọn ọba: afẹ́fẹ́ ń gbà á kọjá, ṣùgbọ́n oòrùn kò lè rọ́ wọlé. Ó dára, ó sì yẹ kí a máa wò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí òun nìkan, ẹnu ọ̀nà ló ṣì dúró sí.

Ẹni tí màá fẹ́ kí ọmọ yín kọ́kọ́ mọ̀ ni Laurie Baker. Òyìnbó ayàwòrán ilé ni, Birmingham ni wọ́n ti bí i ní 1917, àmọ́ nígbà tó máa kú ní Thiruvananthapuram ní 2007, ó ti di ọmọ Íńdíà pátápátá. Iṣẹ́ kíkọ́ ilé ìtọ́jú fún àwọn adẹ́tẹ̀ ló gbé e débẹ̀ ní 1945. Ó ti bá Gandhi pàdé ṣáájú ìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ kan tí Gandhi sọ kò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀ mọ́: pé ilé tó dára ni èyí tí gbogbo ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ kò wá láti ibi tó ju máìlì 5 lọ. Òun àti ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ dókítà wá lọ gbé orí òkè Himalaya, ní Pithoragarh, fún nǹkan bí ọdún 16. Ibẹ̀ ló ti rí i pé àwọn ará abúlé tí ẹnikẹ́ni kò kà sí ti ń kọ́lé bẹ́ẹ̀ látọjọ́ tó ti pẹ́. Ọkùnrin tó ti gbàwé ẹ̀rí tún wá dọmọ iṣẹ́.

Nígbà tó fi máa dé Kerala, ní ìparí gúúsù Íńdíà, ó ti mọ ohun tó ń ṣe. Tí ẹ bá fi kọnkéré kọ́lé, Màmá, owó yín wọkọ̀, ó lọ. Apá kan lọ sí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì, apá kan sí ilé iṣẹ́ irin, ẹ kò tún ní gbúròó rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi bíríkì tí wọ́n sun ládùúgbò kọ́ ọ, tí ẹ kò sì rẹ́ ẹ, owó yẹn sùn sílé. Ó wà lọ́wọ́ asunbíríkì, ó wà lọ́wọ́ bíríkìlà àti lébìrà, ìyàwó wọn ló sì máa ná an fún yín lọ́jà lọ́jọ́ kejì. Baker ò fẹ́ kí wọ́n rẹ́ ògiri rárá. Lójú rẹ̀, bíríkì tó dára kò nílò kí wọ́n bò ó lójú.

Ẹ jẹ́ kí n fi ògiri rẹ̀ hàn yín. Bíríkìlà máa ń tẹ́ bíríkì sílẹ̀ gbalaja, kó dùbúlẹ̀ lórí ikùn. Baker ní kí wọ́n gbé e dúró lórí ẹ̀gbẹ́. Wọ́n á to méjì lójúkojú, ọ̀kan síta, ọ̀kan sínú, kí àyè ṣófo láàárín. Wọ́n á wá fi ẹyọ kan dábùú láti so méjèèjì pọ̀, wọ́n á tún to méjì mìíràn, títí ògiri á fi gùn. Tó bá ga tán, inú rẹ̀ ṣe ihò-ihò bí àpótí tí a tò jọ. Tàkúté eku ni wọ́n ń pe irú títò yìí. Nínú bíríkì 4 tí ògiri ọjọ́ọjọ́ máa jẹ, yóò fi bí 1 sílẹ̀ fún yín. Afẹ́fẹ́ tó há sínú ihò yẹn kì í sì í jẹ́ kí ooru ìta tètè dé yàrá.

Èmi náà dán an wò lẹ́bàá Ìbàdàn. Mo ṣàlàyé fún bíríkìlà, àgbà ọ̀gá ni, ó mi orí pé ó yé òun. Mo lọ jẹun. Nígbà tí mo máa padà dé, ó ti fi sìmẹ́ǹtì dí gbogbo ihò náà pa dé ẹnu. Ó ní, "Ọ̀gá, mo rí i pé ẹ gbàgbé inú ẹ̀. Èmi ò kì í jí sìmẹ́ǹtì oníṣẹ́ o." Kí ni mo fẹ́ bá a wí sí? Òtítọ́ inú rẹ̀ ló ba iṣẹ́ mi jẹ́. Àṣìṣe tèmi ni pé mo lọ jẹun. Baker kì í lọ. Ojú iṣẹ́ ló máa ń wà pẹ̀lú àwọn bíríkìlà rẹ̀, ẹ̀yìn àpòòwé tí wọ́n ti ya ló ń yàwòrán sí, bí ògiri bá ṣe ń ga ni èrò rẹ̀ ń yí.

Bó ṣe ṣe dẹ́kì náà dùn mọ́ mi. Ní ìdajì ìsàlẹ̀ dẹ́kì, irin ló ń ṣiṣẹ́ gan-an. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kọnkéré kàn ń di irin náà mú ni. Nítorí náà ó máa ń to awo amọ̀ ìbolé sáàárín irin kí ó tó da kọnkéré lé e, kódà èyí tó ti gbó tí wọ́n tú lórí ilé àtijọ́. Kọnkéré dín kù, ẹrù ilé fúyẹ́, bí ẹ bá sì gbójú sókè nínú yàrá, ẹ ó rí awo pupa wọ̀nyẹn bí aṣọ onígun mẹ́rin-mẹ́rin.

Tí ọmọ yín bá dé Thiruvananthapuram, kó lọ mu kọfí ní Indian Coffee House tó wà nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin. Baker ló kọ́ ọ. Ilé pupa roboto ni, ó ń yí gòkè bí ìkarahun ìgbín, bẹ́ǹṣì àti tábìlì tò lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri oníhò bí ilẹ̀ ṣe ń gòkè. Ibẹ̀ kì í ṣe ilé àrà. Ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ ló ń jókòó síbẹ̀, pẹ̀lú akọ̀wé àti akẹ́kọ̀ọ́. Ẹgbẹ́ tí òun àti àwọn mìíràn dá sílẹ̀ ní 1985, COSTFORD, ṣì ń bá iṣẹ́ náà lọ ní Kerala.

Ẹ ó ní bíríkì sísun kọ́ ni amọ̀ bàbá yín. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ wá jẹ́ ká lọ sí Kutch.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kìíní 2001, ilẹ̀ mì ní Kutch ní ìpínlẹ̀ Gujarat, ó sì pa nǹkan bí 20,000 ènìyàn. Ilé kọnkéré wó. Ilé òkúta tí wọ́n kàn fi amọ̀ lẹ̀ náà wó lọ súà. Ṣùgbọ́n ní apá àríwá, ọ̀pọ̀ bhunga dúró. Bhunga ni ilé amọ̀ roboto tí àwọn darandaran ibẹ̀ ń gbé, tí òrùlé koríko rẹ̀ ṣe ṣóńṣó. Ìdí tó fi dúró kò fara sin. Igun ilé ni ògiri ti máa ń kọ́kọ́ ya bí ilẹ̀ bá ń mì, ilé roboto kò sì ní igun. Òrùlé koríko fúyẹ́, fèrèsé rẹ̀ kéré. Kì í ṣe amọ̀ ló gbà wọ́n là, Màmá, ọgbọ́n bí wọ́n ṣe mọ ọ́n ni. Mo sọ èyí torí àwọn kan ti ń sọ amọ̀ di òrìṣà báyìí.

Ohun tí ìjọba Gujarat ṣe lẹ́yìn náà ni mo gbóríyìn fún jù. Wọn kò gbé gbogbo iṣẹ́ àtúnkọ́ fún kọngílá ńlá. Púpọ̀ nínú owó náà, ọwọ́ onílé ni wọ́n fi í sí, díẹ̀díẹ̀ bí ilé bá ṣe ń ga, pẹ̀lú ẹni tó mọṣẹ́ láti máa yẹ̀ ẹ́ wò. Inú wàhálà yẹn ni Hunnarshala ti jáde ní ìlú Bhuj. Hunnar ni iṣẹ́ ọwọ́, shala ni ilé ẹ̀kọ́. Àwọn ayàwòrán ilé ibẹ̀ jókòó ti amọlé àti àwọn tó ń fi koríko bolé, wọ́n jọ dán amọ̀ wò, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe lè fún un lágbára sí i, wọ́n sì gbé oníṣẹ́ ọwọ́ fúnra wọn dìde láti dá iléeṣẹ́ tiwọn sílẹ̀. Wọ́n tún dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún ọ̀dọ́, Karigarshala, fún iṣẹ́ káfíńtà àti bíríkìlà. Ní abúlé Hodka, wọ́n bá àwọn ará abúlé kọ́ ilé àlejò oníbhunga kan. Abúlé ló ń bójú tó o, obìnrin abúlé ló sì fi amọ̀ tẹ ọnà sára ògiri rẹ̀ tó fi dígí wẹ́wẹ́ sí i lára. Níhìn-ín, ẹ lè rí ibi tí owó lọ láìlo gíláàsì.

Ìbéèrè kejì tí mo ní kí ẹ bi ilé, ti ẹni tó ń kọ́ ọ lọ, ti Balkrishna Doshi ni. Pune ni wọ́n ti bí i ní 1927, Ahmedabad ló kú sí ní 2023. Òun ni ọmọ Íńdíà àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Pritzker, tó ga jù nínú iṣẹ́ àwa ayàwòrán ilé, ní 2018. Ó ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Le Corbusier, gbajúmọ̀ ayàwòrán ilé, ní Paris nígbà èwe rẹ̀, ó sì lè máa kọ́ ààfin kọnkéré fún ìyókù ayé rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bi í. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù nínú tirẹ̀ ni Aranya, ní ìlú Indore, tí wọ́n parí ètò rẹ̀ ní 1989: ilé tó tó 6,500, fún àwọn tó ju 80,000 lọ, tálákà àti agbedeméjì pọ̀ mọ́ra wọn.

Ṣùgbọ́n ilé kọ́ ló fún wọn. Ìdílé tó rẹlẹ̀ jù gba ilẹ̀ bíi mítà onígun mẹ́rin 35. Lórí ilẹ̀ yẹn, wọ́n ti da ìpìlẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà, omi ti dé, bóyá yàrá kan pẹ̀lú. Ó parí. Ìyókù di ọwọ́ ẹ̀yin onílé. Tí owó bá wọlé lọ́dún yìí, ẹ gbé ògiri kan. Tí ọmọ gbéyàwó, ẹ gbé òkè kan sí i. Doshi kọ́ ilé àpẹẹrẹ 80 síbẹ̀, kí àwọn ènìyàn lè rí bí ìpìlẹ̀ kan náà ṣe lè di oríṣiríṣi ilé. Ó fi pèpéle síwájú ilé, níbi tí ìyá arúgbó lè jókòó kó máa ṣa ìrẹsì, kó máa kí èrò ọ̀nà. Pèpéle, Màmá! Ohun tí àwa bẹ̀rẹ̀ sí í fi géètì irin rọ́pò rẹ̀ ní gbogbo ìlú wa.

Tí ẹ bá lọ síbẹ̀ lónìí, ọ̀pọ̀ nínú ilé àpẹẹrẹ yẹn ti yí padà, àwọn onílé ti fọ́ èyí, wọ́n ti bo tọ̀hún. Àwọn ayàwòrán ilé kan á máa káàánú. Èmi ò káàánú o. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ ní Belapur, lẹ́bàá Mumbai, níbi tí ayàwòrán ilé Charles Correa ti kọ́ ilé fún nǹkan bí 550 ìdílé láàárín 1983 sí 1986. Ó to ilé 7 yí àgbàlá kan ká, àgbàlá yẹn tó mítà 8 sí mítà 8, kò sì jẹ́ kí ilé méjì pín ògiri, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fẹ tirẹ̀ má baà tọrọ àyè lọ́wọ́ aládùúgbò. Wọ́n fẹ̀ ẹ́ lóòótọ́. Púpọ̀ ti wó ilé Correa lulẹ̀, wọ́n ti kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí i. Àgbàlá ṣì wà níbẹ̀, ọmọ ṣì ń ṣeré nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nínú agbo-ilé mọ̀ pé yàrá lè wó, kí a tún un mọ, kí agbo-ilé má parẹ́.

Ti àwọn tó ń dárà náà wà, mi ò ní bò ó. Bijoy Jain ti Studio Mumbai ń kọ́ ilé ìsinmi fún àwọn olówó, ó sì rẹwà débi pé ènìyàn á dákẹ́ síbẹ̀. Vinu Daniel ti Wallmakers, ní Kerala, gbé tàkúté eku Baker, ó fi ògiri jó bí ìgbà tí aṣọ bá ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Pirouette House ni wọ́n ń pe ilé yẹn. Ilé ẹni tó lówó lọ́wọ́ ni. Ohun tí mo rí bù lé e ni pé bíríkìlà tó kọ́ irú ògiri bẹ́ẹ̀ kò ní fi sìmẹ́ǹtì dí ihò rẹ̀ mọ́ láé. Olówó ti san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ayàwòrán ilé Anupama Kundoo sì ṣe ohun kan ní Pondicherry ní 2008 tó yẹ kí àwọn ìyá amọ̀kòkò Ìpetumodù gbọ́. Ilé fún àwọn ọmọ aláìnílé ni. Wọ́n fi bíríkì tútù mọ ilé náà, wọ́n to bíríkì tútù mìíràn kún inú rẹ̀, wọ́n sì dáná sí i fún ọjọ́ mélòó kan. Wọ́n sun ilé bí ìkòkò. Nígbà tí iná kú, ilé ti jinná, bíríkì inú rẹ̀ náà ti jinná, wọ́n sì lè fi ṣe iṣẹ́ mìíràn. Ẹ wá sọ fún mi bóyá kachcha ni tàbí pakka.

Ó wá ku ilé bàbá yín. Mi ò rí i, ṣùgbọ́n mo ti rí ọ̀pọ̀ irú rẹ̀, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé amọ̀ kọ́ ló ṣẹ̀ yín. Ilé amọ̀, omi ló ń pa á, láti orí àti láti ẹsẹ̀. Nígbà tí koríko bẹẹrẹ wà lórí ilé, etí òrùlé máa ń yọ síta dáadáa, òjò á sì jìnnà sí ògiri. Páànù dé, a gé etí rẹ̀ kúrú torí owó, òjò ń lu ògiri. Ara ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, a ní kí a fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ kó lè rí bí ilé ìgbàlódé. Sìmẹ́ǹtì kì í jẹ́ kí amọ̀ mí. Omi tó bá rá wọ inú ògiri kò rí ọ̀nà jáde, lẹ́yìn ọdún díẹ̀ sìmẹ́ǹtì bó tòun ti amọ̀, gbogbo ayé wá ní amọ̀ kò dára. Ní Kutch, àwọn obìnrin máa ń fi amọ̀ àti ìgbẹ́ ẹran tún ògiri pa látìgbàdégbà. Ní Ọ̀yọ́ níbí, ọdún Bẹẹrẹ ni wọ́n fi ń ko koríko wá bo ààfin Aláàfin láyé àtijọ́. Ilé tí ọwọ́ púpọ̀ ń tún ṣe ni wọ́n jẹ́ látìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ wọ̀nyẹn lọ sí Èkó, ta ló kù tó máa rẹ́ ilé?

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kó lọ tí owó bá wà. Ahmedabad ni màá yàn fún un, torí ilé ẹ̀kọ́ tí Doshi dá sílẹ̀ ní 1962, CEPT, wà níbẹ̀. Ọ́fíìsì rẹ̀ náà wà níbẹ̀, Sangath, tí apá kan rẹ̀ rì sínú ilẹ̀, tí wọ́n fi àfọ́kù táńgánran funfun bo òrùlé rẹ̀ kó lè máa dá oòrùn padà. Kó lọ ní oṣù Karùn-ún, tí ìlú náà ń kọjá 40°C, kó lè fara mọ̀ ọ́n. Indore kò ju bíi 400 kìlómítà lọ sí ibẹ̀. Kó lọ jókòó lórí pèpéle ẹnìkan ní Aranya, kó má yọ fóònù.

Ṣùgbọ́n kó tó lọ, ẹ bi í bóyá ògiri kankan ṣẹ́ kù nínú ilé bàbá yín, ì báà jẹ́ ìdúró kan lẹ́yìnkùlé. Tó bá wà, kó wọn bó ṣe nípọn, kó ka iye ìpele tí wọ́n fi mọ ọ́n, kó wo ohun tó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, bóyá òkúta ni tàbí amọ̀ lásán, kó sì fi ránṣẹ́ sí mi. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ.